Ohùn Bàbá Enung Nínú Orin Tí Kò Lọ́rọ̀

Tí ẹ ò bá tíì gbọ́ orin kẹta nínú àwo ẹgbẹ́ olórin Pepedut, ẹ wá ibi jókòó kí ẹ tó gbọ́ ọ. Èmi dúró gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́, níwájú ilé wa ní Binong, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú sí gọ́tà. Kò sẹ́ni tó ń kọrin níbẹ̀ o! Gìtá, béèsì àti ìlù, ó tán. Wọ́n á máa rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, títí béèsì á fi lu ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ á sì ya lulẹ̀ bí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá.

Ẹni tó ń ta béèsì yẹn ni Teteh Enung; Teteh là ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbí. Ọrùn súwẹ́tà ló ń fi ẹ̀rọ hun ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ lórin. "Ẹ̀rọ ló kọ́ mi," ló máa ń wí. "Ó ń pariwo láti àárọ̀, kí n má dá a lóhùn ni?"

Awakọ̀ ni bàbá rẹ̀ kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó kù fún ọkùnrin náà ni "mmm" gígùn kan láti ìsàlẹ̀ àyà. Enung mọ èyí tó jẹ́ ti omi, ó mọ èyí tó jẹ́ "ẹ wá bá mi jókòó." Ó gba ọ̀kan sílẹ̀ sórí fóònù. Nígbà tí bàbá kú, inú ohùn yẹn ló ti fa orin kẹta yọ. Ohùn béèsì tó ń ṣílẹ̀kùn fún ìjì yẹn, "mmm" bàbá ni.

Tatan onígìtá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, nìkan ló mọ̀. Enung fún un ní ohùn náà kó lè fi tún okùn gìtá rẹ̀ ṣe, kí ohùn méjèèjì bára mu.

"Tó o bá ti tún un ṣe tán, pa á rẹ́."

"Ọ̀gá mi, mo gbọ́. Mo ti dà ẹ́ rí ni?"

Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé ẹnikẹ́ni kì í sọ ohun tí orin dá lé. Mo fẹ́ràn òfin yẹn! Mang Oyo ọlọ́kadà ní ìyàwó òun tó kó lọ ló wà nínú orin kẹta. Ọmọbìnrin kan ní ìdánwò tóun fìdí rẹmi ni. Enung á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," fún gbogbo wọn. Mo bi í léèrè ìdí. "Tí mo bá ní ti èèyàn mi ni," ó wí, "níbo ni ìyàwó Mang Oyo á jókòó sí?"

Orin ti wà lórí fóònù wa kí wọ́n tó ṣe ìkójáde àwo náà ní gbọ̀ngàn àdúgbò, lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday. Lọ́jọ́ náà, Enung mú Ambu, ìyá rẹ̀ tí kò tíì gbọ́ orin kẹta rí, wá. Kò sọ nǹkan kan fún un. Tatan nìkan ló sọ ọ́ fún: "Mo fẹ́ kí orin pè é fúnra rẹ̀. Bí Ambu bá dá a mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un, a jẹ́ pé mo gbọ́ bàbá dáadáa."

Ẹ̀yìn Ambu gan-an ni mo jókòó sí. Ó wé gèlè tuntun, ó di ẹ̀pà mọ́wọ́. "Ṣé kò ní dí mi létí báyìí?" ó bi mí.

"Á dí yín létí, Ambu. Ẹ ṣáà dúró de ẹ̀kẹta."

Orin méjì kọjá, inú mi ń dùn bí ẹni gun ẹṣin. Ni Tatan bá fa gbohùngbohùn jáde lẹ́yìn ìlù. Gbohùngbohùn, nínú ẹgbẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀!

"Orin tó kàn yìí, bàbá Enung ló ni ín. Rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú. Aya rẹ̀ nìyí níwájú! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Màmá!"

Ó tẹ fóònù rẹ̀. "Mmmmm" bo gbogbo gbọ̀ngàn.

Ẹ̀pà dà sílẹ̀. Ambu ti dìde dé ìdajì. "Mò ń bọ̀," ó wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n pè láti yàrá. Ìgbà náà ló wá rí àwọn èèyàn tó ń pàtẹ́wọ́.

Tatan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú orin kẹta, ẹnikẹ́ni kì í ka iye ìlù kó tó wọlé. Béèsì ni gbogbo wọn ń dúró dè. Enung gbé ọwọ́ lé okùn, kò ta á. Tatan yí ohùn kan náà po, ó tún yí i po. Ó ń fi ẹnu ṣe "wọlé, wọlé." Onílùú gbé ọ̀pá sókè, kò mọ ibi tó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Àwọn èèyàn ń sunkún, wọ́n rò pé bí orin ṣe rí nìyẹn. Èmi náà sunkún. Enung bá yọ wáyà béèsì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú jáde.

Ìdí ọlọ́báso, ẹni tó ń ta ọbẹ̀ ẹran rógódó lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ni Tatan ti sáré bá wọn, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Mo ti tẹ̀ lé wọn débẹ̀.

"Enung! Ṣé o rí wọn? Dídákẹ́ tó o dákẹ́ yẹn, o pa wọ́n!"

"Mo ní kó o pa ohùn yẹn rẹ́."

"Àwọn èèyàn fẹ́ gbọ́ ìtàn, jàre. Orin nìkan ò tó. Àti pé Ambu dá a mọ̀! Ṣebí ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

"Ọkọ ẹ̀ ló gbọ́. Ta ni ò ní dá ohùn ọkọ ẹ̀ mọ̀? Orin mi ni mo fẹ́ kó dá mọ̀, Tatan. Mi ò ní mọ̀ láé báyìí bóyá ì bá dá a mọ̀."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ambu ò fọwọ́ kan báso rẹ̀. "Níbo ló ti rí i?" ó bi ọmọ rẹ̀.

"Èmi ni mo fún un, Ambu."

Ìyá dìde, ó dá forí lé ilé.

Enung ò ta béèsì mọ́; ọrùn súwẹ́tà nìkan ló ń hun báyìí. Àwo ń tà, wọ́n ń bèèrè "èyí tí béèsì ò wọlé," tí kò sí nínú àwo rárá. Mo rí Mang Oyo lánàá ní ìdúró ọ̀kadà, orin ń dún létí rẹ̀. Mo ní ẹ̀kẹta ni, àbí?

"Ẹ̀kẹrin ni. Mo máa ń fo ẹ̀kẹta," ó wí. "Bàbá yẹn ni mò ń rí níbẹ̀ báyìí. Ìyàwó mi ò ráyè jókòó mọ́."