Ìka Aṣọ́lé Tí Mi Ò Kọ Sínú Ìwé

Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà, láàárín àwọn ọdún 1990, ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nínú ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Makera, nílẹ̀ Hausa. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ wa wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi. Ẹ̀rọ ti gbá a ní ìka àárín, ó ti wú, ó ti dúdú. Mo kàn rọra fọwọ́ kàn án ni, ó sì pariwo. Egungun ti kán.

"Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò ní jẹ́ kí n gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé."

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó sì ti ń ṣe lébìrà, iṣẹ́ ojúmọ́ tí kò ní ìwé, níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ọ̀gá àgbà ti ṣèlérí pé bí a bá na ilé iṣẹ́ aṣọ kejì tó wà ní Makera nínú àṣekágbá ọjọ́ Sátidé náà, gbogbo lébìrà tó wà nínú ẹgbẹ́ náà yóò gba ìwé iṣẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo di ìka náà mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò kọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo pe kóòṣì ẹgbẹ́ náà sẹ́yìn ilé ìwòsàn, mo sọ fún un. Àgbàlagbà ni, ìjọ kan náà la jọ ń lọ ní Badarawa.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "Má sọ ọ́ fún ẹlòmíì. Ẹlòmíì ni màá fi ṣọ́lé."

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin náà gan-an ló fi ṣọ́lé. Bọ́ọ̀lù méjì tí ọmọdé lè mú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wọ inú àwọ̀n, a sì pàdánù. "Barawo! Olè!" ni àwọn èrò ń kígbe.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo ènìyàn ti gbọ́ pé àwọn kan ta tẹ́tẹ́ ńlá lé wa lórí, pé a ó pàdánù. Ilé iṣẹ́ gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta dìde. Wọ́n ní wọ́n rí aṣọ́lé pẹ̀lú ọkùnrin tó ń gba tẹ́tẹ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje. Onílé rẹ̀ ni ọkùnrin yẹn! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ara wọn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, mo sì sọ ti ìka.

Alága ṣí ìwé ilé ìwòsàn, ó yí i sọ́dọ̀ mi. "Madam, níbo ni ìka náà wà níbí?"

"Mi ò kọ ọ́, sà. Ó bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n kóòṣì mọ̀."

Kóòṣì, tí wọ́n ti pè jókòó níbẹ̀, wò mí lójú. "Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi."

Wọ́n pe aṣọ́lé wọlé láti ìta, wọ́n wo ìka tó ṣì wú, wọ́n ní kó jáde. Alága ní ó lè ti fi òkúta lu ìka náà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìdíje. Èyí tó jókòó lápá òsì bi mí pé kí ló wà láàárín èmi àti ọkùnrin yìí gan-an. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi bi mí ní ìbéèrè kan náà. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n lé aṣọ́lé lẹ́nu iṣẹ́. Èmi gba ìwé ìkìlọ̀.

Kí ọdún náà tó parí, kóòṣì àti ọkùnrin onítẹ́tẹ́ jà lórí owó lójú títì ní Makera, lọ́sàn-án gangan. Onítẹ́tẹ́ ń fi Hausa pariwo pé kóòṣì fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún òun pé ìka aṣọ́lé ti kán, kóòṣì yìí kan náà ló sì ta tẹ́tẹ́ lòdì sí wa. Mo sáré lọ bá alága.

"Madam, a ti pa fáìlì yẹn dé," ó ní. "Àbí ẹ kọ èyí náà sílẹ̀ ni?"

Ó pẹ́ kí n tó rí aṣọ́lé mọ́. Ní Barakallahu ni, ó ń ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo sọ fún un ohun tí onítẹ́tẹ́ sọ.

Ó gbé búlọ́ọ̀kù orí rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló sọ fún kóòṣì?"

"Èmi ni."

"Mo sì bẹ̀ yín."

"O bẹ̀ mí."

"To, ó dáa," ó ní. Ó gbé búlọ́ọ̀kù náà padà sórí, ó sì ń lọ. Mo dúró lẹ́bàá títì títí ọkọ̀ mìíràn fi dé. Aṣọ́lé ru búlọ́ọ̀kù kọjá níwájú mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò wojú mi.