Okùn Iná Tàbí Ẹ̀rọ Arlit

Àfáà ni bàbá mi, ará Ìlọrin tó ń kéwú ní Wadata, àdúgbò kan ní Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger. Kò sí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò tàbí tó fẹ́ gbéyàwó ládùúgbò tí kì í kọ́kọ́ wá bá a fún ìsítíkárà, àdúrà tí a fi ń wá ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run. Nítorí náà, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wa ní kí á yan apá tí a ó gbájú mọ́ nínú iṣẹ́ iná mànàmáná, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí.

Yuraniọ̀mù, òkúta olówó iyebíye tí wọ́n ń wà nílẹ̀, ló gbòde nígbà yẹn. Àwọn ológun tó ń ṣèjọba ń wá ẹni tí yóò mójú tó ẹ̀rọ ìwakùsà ní Arlit, nínú aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá yan ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ń dúró dè é. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo kíláàsì wa ló sáré yàn án. Èkejì ni ẹ̀kọ́ okùn iná ọlọ́nà jíjìn. Ta ni yóò gbà ọ́ síṣẹ́ lórí ìyẹn? Okùn ọ̀hún kò ju ẹyọ kan lọ ní Niamey.

Bàbá mi gbé tíì kaná, ó ní kí n jókòó.

"Mi ò lè gbé ohun tí mi ò mọ̀ síwájú Ọlọ́run. Ṣàlàyé méjèèjì fún mi."

Mo ní, "Èyí àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta ni, Bàbá. Tó bá bàjẹ́, a ó tún un ṣe."

Ó dúró kí n máa bá a lọ. Ọ̀rọ̀ mi ti tán níbẹ̀.

Ni mo bá bọ́ sórí okùn, ẹnu mi ò sì padé mọ́. Mo ní omi odò tó ń ṣàn kọjá ní Niamey yìí ló ń lọ bá wọn ní Kainji, ní Kwara wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ṣe iná, iná ọ̀hún ló tún ń gba orí okùn padà wá bá wa. Mo fi ife àti ṣíbí ṣe òpó. Mo ní ohun tí kò yé mi ni pé, bí igi bá wó lu okùn lápá Kebbi, kíá ni ẹ̀rọ tó wà ní Niamey ń mọ̀. Tíì mi ti tutù kí n tó rántí rẹ̀.

Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín. "Tóò. Ẹni tó ń ṣiyèméjì là ń ṣe ìsítíkárà fún. Ìwọ ti yàn."

"Bí mi ò bá wá ríṣẹ́ ńkọ́, Bàbá?" Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

"Ìyẹn ni màá máa gbàdúrà sí." Ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n igi tó wó lọ́hùn-ún yẹn, ta ló ń sọ fún ẹ̀rọ tiwa níbí?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Lọ mọ̀ ọ́n wá," ni bàbá mi wí.