Góòlù Tí Mo Kó Jọ fún Ọmọ Mi

Ogójì ọdún ni mo fi ṣe alágbẹ̀dẹ góòlù ní Òkè-Àdó, ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ náà sì kọ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ: góòlù tó bá fọ́n ká, òfò ni. Kó o jọ. Bí ọdún bá ń parí lọ, a máa ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, a ó sun ìdọ̀tí rẹ̀, a ó sì rí góòlù bíi hóró àgbàdo nínú eérú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé irọ́ ni o. Èyí tí mo kó jọ lọ́dún kan ni mo fi rọ yẹtí fún ìyàwó mi.

Nígbà tí ojú mi ò gbé iṣẹ́ mọ́, mo kó lọ bá ọmọ mi obìnrin ní Bódìjà. Ó ń kàwé ní yunifásítì láti di dókítà, kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́, ti ìwé ni. Ọdún kẹrin rèé tó ti wà nídìí ìyẹ̀fun kan. Ó fẹ́ kí wọ́n máa fi í sẹ́nu ibi tí èéfín ti ń jáde lára jẹnẹrétọ̀, kí gáàsì burúkú tí kò lóòórùn yẹn, èyí tó máa ń pa èèyàn sójú oorun, lè di aláìlóró.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, òjò jò wọ inú yàrá ìwádìí wọn, ó bá gbé ìgò ìyẹ̀fun náà wálé. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Bí ìyẹ̀fun yẹn ò bá ṣiṣẹ́ lójú wọn, ọdún mẹ́rin ti wọgbó nìyẹn.

Mo bi í pé kí ló wà nínú ìgò, ó ní góòlù ni. Mo wo nǹkan náà, ó rí bí eérú tí wọ́n po aró elésè àlùkò mọ́. Mo ní ta ló tà á fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní góòlù ni lóòótọ́, pé ó kéré débi pé ojú ò lè rí i, bó bá sì ti kéré tó bẹ́ẹ̀, kì í pọ́n mọ́.

Àánú ọmọ mi ṣe mí. Ọmọ alágbẹ̀dẹ góòlù, tó fẹ́ gbé góòlù tó ṣì pò mọ́ ìyẹ̀fun lọ síwájú àwọn èèyàn ńlá, bí ẹni gbé ìrẹsì tí wọn ò ṣa òkúta inú rẹ̀ fún àlejò.

Nígbà tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, mo fa irinṣẹ́ mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo dáná èédú lẹ́yìnkùlé. Kí n tó da ìyẹ̀fun sínú ìkòkò amọ̀, mo ṣe bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi: alágbẹ̀dẹ kì í yọ́ góòlù oníbàárà tán, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ẹ̀rí, torí ọjọ́ ẹjọ́. Mo fi ìka méjì bù ú, mo pọ́n ọn sínú bébà, mo fi há inú Bíbélì mi.

Mo fẹ́ná títí. Nígbà tó fi máa dọ̀sán, góòlù ti para pọ̀. Kò ju orí píìnì lọ, àmọ́ ó pọ́n, ó sì ń dán. Mo gbé e sórí aṣọ funfun lórí tábìlì, mo jókòó, mo ń retí ọpẹ́.

Ọmọ mi wọlé, ó wò ó títí.

“Bàámi, ìgò mi dà?”

“Mo ti bá ẹ kó o jọ.”

Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Bàámi, ọdún mẹ́rin ni mo fi tú u ká.”

Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní kí n ro ọjà Bódìjà. Ẹni tó pàtẹ síta ló ń rí oníbàárà. Bí wọ́n bá to gbogbo ọlọ́jà léra wọn bí àpò sìmẹ́ńtì, àwọn tó wà láàárín á kàn máa mí ni, wọn ò ní tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni góòlù. Gáàsì ò lè fọwọ́ kan èyí tó wà nínú, ojú ìta ni iṣẹ́ wà. Bí góòlù bá kéré dáadáa, ojú ìta ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Èyí tí mo ṣe yìí, ó ní ọ̀lẹ ni.

Mo ní ọ̀lẹ tó ń dán ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni mo rántí Bíbélì. Mo tú bébà náà fún un. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fojú wọ̀n ọ́n.

“Á tó,” ló wí.

Lọ́jọ́bọ̀, mo bá a lọ, mo jókòó síta yàrá ìwádìí, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Olórí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé kíkéré ló ń ṣiṣẹ́, pé ṣé ó ti dán góòlù ńlá wò. Ọmọ mi ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú iṣẹ́ ọwọ́ mi, góòlù bí orí píìnì yẹn, jáde. Wọ́n fẹ́ gáàsì sí i. Olóró wọlé, olóró jáde, kò tilẹ̀ kí i. Wọ́n wá dán ti inú Bíbélì wò, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì sì wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

Wọ́n bèèrè ẹni tó ṣe góòlù ńlá náà. Ó ní bàbá òun ni, ó wà níta. Wọ́n gbé àga fún mi.

“Bàbá, báwo ni iná yín ṣe gbóná tó?”

“Títí ìkòkò fi rí bíi kajú tó pọ́n.”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan gbójú sókè. “Kajú pupa ni àbí yẹ́lò?”

Mo ní pupa. Ó fa igi lé èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀.

Ó yege. Wọ́n kàn ní kó kọ orí kan kún ìwé rẹ̀ nípa ohun tí iná ń ṣe. Bó ṣe di pé ọmọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ ń gbé ìyẹ̀fun wá bá mi láràárọ̀ nìyẹn, pé kí n bá òun bà á jẹ́. Mo ṣì máa ń bu ti ẹ̀rí sílẹ̀ kí n tó dáná. Ó ní kò pọn dandan mọ́. Mo kàn ṣí Bíbélì mi, mo fi há ibẹ̀.