Ìrònúpìwàdà Ìyá Onílé Wa

Bí òórùn òróró àgbọn bá ti ta sí mi nímú, ìyá onílé wa ní Mọ́rógbọ̀ ni mo máa ń rántí. Ẹni tó bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, wọ́n á fi Yorùbá tó ní ohùn Ègùn bi í pé, "O ti ronú. Ìwà tí o pa dà ńkọ́?" Wọ́n ní ibi tí ìrònúpìwàdà ti wá nìyẹn: ká ronú, ká sì pa ìwà dà.

Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún wọn pé èéfín ààrò wọn, tó wà lábẹ́ fèrèsé wa, ń mú kí ọmọ mi máa wúkọ́. Wọ́n kàn ń ro òróró àgbọn tí wọ́n ń sè lọ. Mo fi ìbínú wọlé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀yìnkùlé ni mo bá wọn, nínú oòrùn, níbi tí wọ́n mọ ààrò tuntun sí.

"Ọmọ wa ńkọ́?" ni wọ́n bi mí. "Ṣé ó ṣì ń wúkọ́?"