Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá sí Ọjà

Orí omi ni wọ́n bí mi sí, lẹ́bàá Òde Ugbò, níbi tí ilé ti ń dúró lórí òpó igi. Láràárọ̀ ọjọ́ ọjà, àwọn obìnrin òkè a wa ọkọ̀ wá láti ilẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú púpurù tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ìyá mi a na ẹja yíyan sí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Ẹja lọ, púpurù bọ̀. Oúnjẹ ilé wa nìyẹn.

Èmi tí mo kàwé dé yunifásítì ni mo bà á jẹ́. Àwọn ọ̀gá kan ti ìlú ńlá wá, wọ́n wọ bàtà tó ń dán wọ inú ẹrẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ mú oúnjẹ súnmọ́ ará ìlú. Wọ́n ní kí n ya àwòrán àdúgbò. Mo fi rúlà wọn ọ̀nà láti ilé wa dé etí títì lórí àwòrán náà, mo sì kọ ọ́ pé ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo mọ̀ pé ẹrẹ̀ tó ń muni dé orókùn ló wà láàárín. Ṣùgbọ́n rúlà kì í rì, ọ̀gá sì ti pè mí ní ògbóǹtarìgì.

Wọ́n kọ́ ọjà sí etí títì, wọ́n fòfin de ọjà orí omi. Àwọn tí ilé wọn wà nítòsí títì gba gbogbo ìsọ̀ tán. Àwọn ará omi di alárù wọn.

Ìyá mi ru ẹja la ẹrẹ̀ kọjá. Kó tó dé, púpurù ti tán. Obìnrin onísọ̀ kan wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màmá ẹlẹ́ja, ẹ má wọlé o! Símẹ́ńtì ìjọba rèé. Ẹ gbé e síta, màá bá yín tà á."

"Torí pé ilé rẹ wà létí títì lo ṣe di ọ̀gá mi?"

Ẹja lásán la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Akọ̀wé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ dà?"

"Màámi, inú ìwé ló wà."

"Ó dáa. Fi ìwé náà jẹ ẹja."

Ó ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin òkè. Lọ́jọ́ ọjà kejì, ó ju àjẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, a sì wa ọkọ̀ lọ pàdé wọn láàárín odò. Ẹja lọ, púpurù bọ̀. Agbófinró ọjà kan rí wa láti etí títì lọ́hùn-ún, ó ń fọn fèrè, ó ń pariwo pé ká wá dáhùn ẹjọ́.

Ìyá mi gbé púpurù sórí itan, ó kígbe padà:

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, ọmọ mi! Máa rìn bọ̀!"