Òkúta Yèyé Lára Ilé Òyìnbó

Nígbà tí mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré lórí àpáta Ọ̀kà, ìyá tó bí bàbá mi ló máa ń mú mi lọ sóko. Yèyé là ń pè wọ́n. Ọ̀nà oko wa gba ẹ̀gbẹ́ ilé àtijọ́ kan kọjá lórí òkè, ilé olókúta tí àwọn òyìnbó ìjọba máa ń sùn sí láyé àtijọ́. Ilé Òyìnbó ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí mo gbọ́njú, ewúrẹ́ nìkan ló kù tó ń gbé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ṣé ẹ ti rí àgbàlagbà tó ń kí ògiri rí? Yèyé á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ sí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Òkúta dúdú ni, ìlà funfun kan gba àárín rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá ṣàn sí nǹkan lára. "O ṣì wà níbẹ̀," ni wọ́n á wí fún un. "O kú ìdúró o."

Lọ́jọ́ kan mo ti ilé ìwé dé, mo ní, "Yèyé, tíṣà wa ní òyìnbó ló kọ́ ilé yẹn."

Wọ́n pòṣé. "Tíṣà yín wà níbẹ̀? Òyìnbó jókòó sórí àga, ó ń mu tíì. Orí tèmi ló kọ́ ọ."

Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ pé ìjọba òyìnbó ní kí agboolé kọ̀ọ̀kan yọ ẹnì kan sílẹ̀ láti ru òkúta láti ìsàlẹ̀ odò gòkè. Yèyé ò tíì tó ìró ró nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ni àkọ́bí. Òkúta onílà funfun yẹn tẹ òṣùká mọ́ wọn lórí débi pé irun ò hù mọ́ láàárín àtàrí wọn. Èmi tí mò ń di irun fún wọn mọ̀ ọ́n. Ṣe ni mo máa ń di irun yí ojú ibẹ̀ ká.

"Ìwọ tó o mọ̀wé," ni wọ́n wí, "kọ orúkọ mi sí òkúta yẹn, kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ̀."

Mo jí ṣọ́ọ̀kì ní kíláàsì, mo kọ ọ́ gàdàgbà. Yèyé ò lè kà á, ṣùgbọ́n wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó, eyín wọn ò padé fún ẹ̀rín. Òjò kan ṣoṣo ló fọ̀ ọ́ nù.

"Fi ohun tí òjò ò lè fọ̀ kọ ọ́."

Mo ní màá ra ọ̀dà. Mo jáde ìwé, mo lọ́kọ sí Ìkàrẹ́, mi ò ra ọ̀dà. Yèyé ò tún béèrè títí wọ́n fi kú.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi tó wà ní Ìlú Ọba fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi: ògiri ilé kan ní òpópónà àtijọ́, wọ́n kan àwo roboto aláwọ̀ búlúù mọ́ ọn, orúkọ ẹni tó gbé ibẹ̀ rí wà lára rẹ̀. "Sìsítà mi, wọ́n pọ̀ níbí," ló wí. "Kódà ẹni tó kàn háyà yàrá, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀!"

Ẹni tó kàn sùn síbẹ̀! Mo sunkún lórí ìkòkò ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo ra ọ̀dà funfun, mo pọn ọmọ mi, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀kà. Wọ́n ti wó ilé náà. Òkìtì òkúta ni mo bá, àti bíríkìlà kan tó ń ṣà wọ́n fún ìpìlẹ̀ ilé tuntun.

"Ìyá ọmọ, kí lẹ sọ nù?"

"Òkúta ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Nínú gbogbo èyí?"

Àmọ́ ó bá mi yí wọn títí ìlà funfun fi yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ kó gbé e, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó di ìbàdí mú. "Haa! Ọkùnrin wo ló gbé eléyìí gòkè?"

"Ọmọbìnrin ni," ni mo wí. "Kò tíì tó ìró ró."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó lọ wá báró, ó tì í dé títì fún mi, mo fi mọ́tò gbé e wálé sí Ìkàrẹ́.

Ẹnu ọ̀nà wa ló wà báyìí. Ayé ti yí o. Kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ gba ọ̀nà òkè yẹn mọ́. Ọ̀kadà ń gbé wa sáré kọjá ohun tí àwọn ìyá wa fi orí rù. Mo ti fi ọ̀dà kọ orúkọ Yèyé sí i. Àwọn ọmọ àdúgbò ń kà á, wọ́n ń béèrè ẹni tó ni ín, mo sì ń sọ fún wọn. Òjò ti rọ̀ sí i, kò parẹ́. Ẹni tó yẹ kó wò ó, kó tún wò ó, kí eyín rẹ̀ má padé, ni kò sí.