Ife Kékeré fún Ẹni Tó Fẹ́ Wọṣẹ́

Òórùn irin gbígbóná àti ti bíà tó ti dà sórí sìmẹ́ńtì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn nílé ọtí ìyá kan lọ́nà Ilo-Awela, ní Sango. Géètì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé irin kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Láyé ìgbà yẹn, bí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ṣe ń yọ lápá kan ni yunifásítì ń yọ lápá kejì, iṣẹ́ tí ìwé ìròyìn wa sì rán mi ni pé kí n máa kọ nípa wọn. Òùngbẹ ló mú mi mọ ìyá náà.

Ife rẹ̀ pọ̀. Elétí tó nípọn, tó ń gba odidi ìgò bíà kan, ni ti àwọn tó ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín ni ti àwọn olùkọ́ yunifásítì, tí wọ́n á máa fi ètè kàn án, tí wọ́n á máa jiyàn. Ọkùnrin kan tó ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ife tíì tirẹ̀ níbẹ̀, tòun tọmọrí. Bí o bá bi í, á ní tíì ni. Èyí tó kéré jù, tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò mọ́lẹ̀, ni ti àwọn tó fẹ́ wọ ṣíìfù aago méjì ọ̀sán. Ẹyọ kan péré, ó parí. Òfin tó kẹ́yìn yìí ni n kò tíì mọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí.

Agérin kan nílé iṣẹ́ náà, ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti mú mi yí ìlú Itele ká láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo wá ní kó bá mi mu nǹkan kó tó wọṣẹ́. Ìyá gbé elétí síwájú mi, ó gbé kékeré síwájú rẹ̀. Ó dùn mí. Mo rò pé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti gbó ló jẹ́ kí ìyá fojú tín-ín-rín wò ó.

"Ìyá, ẹ fún un ní ńlá. Èmi ni mo pè é wá."

"Oníwèé ìròyìn, kọ ìwé ẹ, jẹ́ kí n bu ọtí mi."

Agérin rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi ìyá wa sílẹ̀. Ìyá tó bí mi gan-an ò ṣọ́ mi tó báyìí."

Bí ìyá ṣe kẹ̀yìn sí wa báyìí, mo ti ife tèmi sọ́dọ̀ agérin. Ó wo ẹ̀yìn ìyá, ó wo ife, ó wo ojú mi. Kò fẹ́ dójú ti àlejò. Ó gbé e sẹ́nu, kò sì gbé e kúrò títí ó fi tán.

Ìyá padà dé, ó rí ìfófòó bíà lórí irunmú agérin. Kò pariwo. Ó kó ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì, ó fi há abíyá.

"O ò gérin lónìí."

Ẹ̀rín kú lójú agérin. "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pa iṣẹ́ jẹ lóṣù yìí. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á lé mi."

"Bí ọkọ mi náà ṣe sọ nìyẹn. Ó lọ. Ìka mẹ́ta péré ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ nígbà tó bọ̀ wálé." Ó kọjú sí mi. "Ìwọ lo fún un mu. Dìde, ìwọ lo máa lọ sọ fún fọ́mánù wọn."

Mo dìde, agérin tẹ̀ lé mi. Ní géètì, mo ní èmi ni mo fún un lọ́tí. Mo fẹ́ máa ṣàlàyé, fọ́mánù dá mi dúró.

"Lọ́dọ̀ ìyá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ife wo?"

"Elétí."

"Ó mu ún tán?"

"Ó mu ún tán."

Ó mí kanlẹ̀, ó na ìgbálẹ̀ sí agérin. "Àgbàlá ni tìẹ lónìí. Má sún mọ́ ẹ̀rọ o." Ó wá yíjú sí mi: "Ká ní kékeré ni, ǹ bá ní kó wọlé." Bí iṣẹ́ kò ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà nìyẹn, tí ìka rẹ̀ sì pé mẹ́wàá.

Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀ṣì kan ra ilẹ̀ tí ilé ọtí náà wà, ìyá sì ń kó lọ sí Àtàn. Mo lọ kí i. Bébà ìwé ìròyìn wa ló fi ń wé àwọn ife sínú páálí. Tẹ́lẹ̀, èrò mi ni pé ẹni tó bá bu púpọ̀ fún èèyàn ló ń ṣe é lóore. Obìnrin yìí ló kọ́ mi pé ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹnìkejì ń lọ.

"Ṣé ibi iṣẹ́ lò ń lọ ni, àbí o ti ń bọ̀?" ló bi mí.

Mo ní mo fẹ́ lọ rí pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà nípa ilẹ̀ yẹn.

Ó tú bébà lára ife kékeré, ó bu ọtí sí i fún mi. N kò bèèrè ńlá.